Libreville: Ìtàn èèyàn 52 tí wọ́n torí wọn sọ ìlú kan ní 'Ìlú Òmìnira', àti àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn

Ní èdè Faransé, ohun tí orúkọ Libreville túmọ̀ sí ni ìlú òmìnira. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa orúkọ náà kò gùn rárá: lọ́dún 1849, ìjọba Faransé kó èèyàn 52 tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú wá sí etí òkun Gabon, wọ́n fún wọn nílẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Libreville.

Ìtàn náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé. Kí ọkọ̀ tó kó àwọn èèyàn 52 yìí tó gúnlẹ̀, ìlú ti wà níbẹ̀, ọba ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń ná ọjà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dé náà, àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn wá sí Gabon tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbé wọn wá. Ọba Dahomey kan wà lára wọn.

Fún ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, ìtàn yìí kò jìnnà sílé. Freetown ni Libreville wò ṣe àwòkọ́ṣe, Freetown yìí kan náà sì ni àwọn Sàró ti padà wá sí Abẹ́òkúta, Badagry àti Èkó.

Láti Ntoum wọ etí òkun

Ìlú Ntoum wà ní nǹkan bíi kìlómítà 40 sí ìlà oòrùn Libreville. Èèyàn lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ tí àwọn ará Libreville ń mu, ibẹ̀ náà sì ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Owendo lọ sí Franceville máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Bí èèyàn bá ń ti Ntoum bọ̀ ní Libreville, àdúgbò tó máa kọ́kọ́ bá pàdé kò lórúkọ gidi, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́: PK12, lẹ́yìn náà PK8, lẹ́yìn náà PK5. Òṣùwọ̀n kìlómítà láti àárín ìlú ni nọ́ńbà wọ̀nyí, ìlú ló sì dàgbà bá wọn níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí Gabon gba òmìnira lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 1960, àwọn tó ń gbé Libreville kò ju nǹkan bíi 32,000 lọ. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2013, wọ́n ti lé ní 700,000.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bá dé etí òkun, nọ́ńbà tán, orúkọ ló kù. Louis. Glass. Baraka. Mont-Bouët. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ mẹ́rin yìí ti mọ bí Libreville ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Àwọn Mpongwe ni. Wọ́n ti ń gbé lẹ́bàá omi náà kí àwọn Potogí tó dé ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn Potogí ló rí i pé ẹnu odò tó wọ inú òkun níbẹ̀ jọ ẹ̀wù àwọ̀lékè kan tó ní ìbòrí, èyí tí wọ́n ń pè ní gabão. Bí orílẹ̀èdè kan ṣe gba orúkọ lára ẹ̀wù nìyẹn.

Iṣẹ́ alágbàtà ni àwọn Mpongwe fi là. Wọn kì í jẹ́ kí òyìnbó wọ inú igbó lọ ra ọjà fúnra rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn ará inú igbó dé etí òkun wá tà á. Eyín erin, ìda oyin, igi pupa tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró bíi igi osùn tiwa, àárín wọn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Àwọn Seke àti Bakele ló ń kó ọjà fún wọn. Nígbà tó yá, àwọn Fang ń ti inú igbó sún mọ́ etí òkun nítorí òwò yìí.

Wọ́n ta ẹrú pẹ̀lú. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn yìí ká fo ìyẹn. Àwọn ọba tí orúkọ wọn ṣì wà lára àdúgbò Libreville dòní jèrè nínú òwò ẹrú, bí àwọn ìdílé ńláńlá kan ní Èkó, Badagry àti Ouidah náà ṣe jèrè níbẹ̀.

Kò sí ọba kan ṣoṣo tó ń jọba lórí gbogbo Mpongwe. Ìdílé ńlá kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀, àwọn oníṣòwò òyìnbó sì sọ wọ́n lórúkọ tó rọrùn lẹ́nu wọn. Rapontchombo, tó jọba ní apá gúúsù ẹnu odò náà, di Ọba Denis. Anguilé, tó wà ní apá àríwá, di Ọba Louis. R'Ogouarowe di Ọba Glass.

Fìlà funfun, ọtí àti ìwé àdéhùn

Lọ́jọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 1839, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Faransé kan tó ń jẹ́ Louis-Édouard Bouët-Willaumez gba ìfọwọ́sí Ọba Denis lórí ìwé àdéhùn. Denis yọ̀ǹda ilẹ̀ fún Faransé láti kọ́ ilé àti odi ológun. Àwọn ohun tí wọ́n fún un ni aṣọ, ìbọn, ẹ̀tù, tábà, ọtí líle àti fìlà funfun. Ẹ dákun, ẹ má ṣe yára rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn ọba mìíràn gbà ní etí òkun wa lásìkò yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1842, Ọba Louis náà fọwọ́ sí tirẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ni Faransé yàn láti máa gbé, wọ́n sì kọ́ odi ológun kan síbẹ̀ lọ́dún 1843, wọ́n pè é ní Fort d'Aumale.

Ọba Glass ló ṣòro fún wọn. Ìlú rẹ̀ ló lówó jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń kó ọjà sí. Ọdún 1842 ni àwọn ajíhìnrere láti Amẹ́ríkà, tí John Leighton Wilson ṣe olórí wọn, wá tẹ̀dó sórí òkè kan lẹ́bàá ìlú Glass, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Baraka. Wọ́n ní inú ọ̀rọ̀ barracoon ni orúkọ náà ti wá, ìyẹn ọgbà tí wọ́n máa ń kó ẹrú sí de ìgbà tí ọkọ̀ bá dé. Orí ilẹ̀ yẹn ni iléèwé àti ilé ìjọsìn wá dúró sí.

Ní oṣù Kẹta, ọdún 1844, Faransé gbé ìwé kan jáde, wọ́n ní Glass ti fọwọ́ sí i. Glass àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fárígá: wọ́n ní wọ́n tan àwọn jẹ ni, pé àwọn kò gbé ìlú àwọn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n gba àwọn. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn lọ́nà tó ṣe wọ́n lóore. Lọ́dún 1845, ọkọ̀ ogun Faransé yin àgbá lu ìlú Glass, ọta náà sì dé Baraka. Lẹ́yìn ìyẹn ni Glass tó gba kámú.

Ọdún mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó pe ibẹ̀ ní ìlú òmìnira nìyẹn. Èmi gbà pé ibí yìí ló yẹ kí ìtàn Libreville ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọdún 1849.

Ọkọ̀ Elizia

Lọ́dún 1846, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ogun Faransé tó ń ṣọ́ òkun mú ọkọ̀ Brazil kan tó ń jẹ́ Elizia nítòsí Loango, ní etí òkun tó wà lábẹ́ Gabon lápá gúúsù. Ẹrú ló kún inú rẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Senegal, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta.

Kí ni kí wọ́n ṣe fún wọn? Kò ṣeé ṣe láti dá wọn padà sí Loango, nítorí àwọn tó tà wọ́n lákọ̀ọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á tún wọn tà. Ìṣòro yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bá pàdé ṣáájú, Freetown sì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀.

Láti ọdún 1808 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ sí Freetown, àròpọ̀ wọn sì lé ní 60,000. Yorùbá pọ̀ nínú wọn jọjọ, nítorí ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ àti Òwu. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọdékùnrin kan láti Òṣoògùn tí wọ́n mú lẹ́rú lọ́dún 1821, tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́dún 1822. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Bouët-Willaumez àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ní Freetown tiwọn. Yàtọ̀ sí àánú, wọ́n nílò ẹni tó máa ṣiṣẹ́ fún odi ológun wọn, ẹni tó máa dá oko, tí á sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu ju àwọn Mpongwe lọ, nítorí òwò ni iṣẹ́ Mpongwe, wọn kò fẹ́ ṣe lébìrà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Faransé fòpin sí ẹrú níní ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ọdún 1848, ètò náà tún rí ẹsẹ̀ dúró sí i.

Báyìí ni èèyàn 52 ṣe kúrò ní Senegal, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Gabon lọ́dún 1849. Wọ́n fún wọn nílẹ̀ nítòsí odi ológun náà. Wọ́n yan ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Mountier gẹ́gẹ́ bíi mẹ́yọ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ tà ní Brazil ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ti di mẹ́yọ̀ àkọ́kọ́ ní Libreville.

Òmìnira tí wọ́n fún wọn ní ààlà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ló pinnu ibi tí wọ́n máa gbé, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Àwọn Mpongwe tí wọ́n bá níbẹ̀ kò sì kà wọ́n sí ẹgbẹ́ wọn. Lójú ìdílé tó ti ń ṣòwò pẹ̀lú òyìnbó láti ìran mẹ́wàá, àlejò ni wọ́n, ẹrú àná sì ni wọ́n.

Kí ló dé tí Libreville kò di Freetown?

Iye èèyàn ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Freetown gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́dọọdún, débi pé wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní ìjọ, wọ́n ní iléèwé Fourah Bay tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1827. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni Libreville gba ní tirẹ̀.

Èkejì ni pé àwọn Sàró rí ọ̀nà gbà padà sílé. Láti ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti ń wọkọ̀ bọ̀ ní Badagry, tí wọ́n sì ń gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Crowther fúnra rẹ̀ padà rí ìyá rẹ̀ lọ́dún 1846, ọdún náà gan-an tí wọ́n mú ọkọ̀ Elizia.

Ohun tó jọra nínú ìtàn méjèèjì ni ìwé. Lọ́dún 1843 ni wọ́n tẹ ìwé Crowther lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní London. Ní 1847, wọ́n tẹ ìwé gírámà èdè Mpongwe láti ọwọ́ àwọn ajíhìnrere Baraka jáde ní New York. Ìdí kan náà ni wọ́n fi kọ ọ́, láti tú Bíbélì. Yorùbá wá di èdè tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń kọ, tí wọ́n sì ń kà. Mpongwe kò rí bẹ́ẹ̀, èdè Faransé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní iléèwé àti ní ọ́fíìsì.

Ẹni tó du púpọ̀ nínú ìtàn àti èdè náà kúrò lọ́wọ́ ìgbàgbé ni André Raponda Walker. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Mpongwe, bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bí i lọ́dún 1871, ó sì di ọmọ Gabon àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè àlùfáà Kátólíìkì, lọ́dún 1899. Ó kọ ìwé lórí èdè, lórí ewé àti egbò, lórí àṣà àti lórí ìtàn Gabon, títí ó fi kú lọ́dún 1968. Ẹ ronú kan Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, kí ẹ fi ìmọ̀ ewé kún un.

Ìlú òmìnira di ibi ìgbèkùn

Ní etí òkun Loango tí wọ́n ti mú Elizia, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tí kò bá orúkọ Libreville mu. Láti ọdún 1857, ìjọba Faransé fún ilé-iṣẹ́ Régis ti ìlú Marseille láṣẹ láti máa ra òǹdè lápá ibẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni náà ti di òmìnira, wọ́n á sì kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Martinique àti Guadeloupe láti lọ ṣiṣẹ́ oko ìrèké. Òṣìṣẹ́ olómìnira ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún 1862 ni wọ́n tó dá a dúró, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti pariwo.

Lẹ́yìn náà ni Faransé rí i pé Gabon dára fún nǹkan mìíràn: ó jìnnà, igbó rẹ̀ kì, ẹni tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ kò lè rọrùn láti sá lọ sílé.

Lọ́dún 1895, wọ́n gbé Sheikh Ahmadou Bamba, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Mouride ní Senegal, wá sí Gabon. Ọdún méje ló lò. Ìrántí ọjọ́ tó lọ sí ìgbèkùn náà ni Magal ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ kórajọ sí Touba lọ́dọọdún. Samory Touré, tó bá Faransé jagun fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Manding, náà dé. Ndjolé, lórí odò Ogooué, ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kẹfà, ọdún 1900.

Ọdún 1900 yìí kan náà ni wọ́n gbé Agoli-Agbo wá. Faransé fúnra wọn ló fi í jọba Dahomey lọ́dún 1894 lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Béhanzin. Ọdún mẹ́fà péré ni wọ́n gbà á láyè kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n sì rán an lọ sí Gabon.

Orúkọ Dahomey kì í ṣe orúkọ tí Yorùbá ń gbọ́ kó dùn mọ́ ọn. Àwọn ni wọ́n kọlu Abẹ́òkúta lọ́dún 1851 àti 1864, àwọn ni wọ́n pa Kétu run lọ́dún 1886 tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú. Síbẹ̀, nígbà tí Faransé jẹ́ kí Agoli-Agbo padà sílé lọ́dún 1910, wọn kò gbà kó gbé Abomey. Agbègbè Sábẹ̀, tó jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n ní kó máa gbé. Ọba Dahomey tó kẹ́yìn ti ìgbèkùn Gabon bọ̀ wá di àlejò lọ́dọ̀ àwọn tí àwọn baba rẹ̀ ń kó lẹ́rú.

Libreville fúnra rẹ̀ kò tóbi lásìkò yìí. Lọ́dún 1904, wọ́n kó olú ìlú Congo Faransé lọ sí Brazzaville. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1940, ọmọ Faransé bá ọmọ Faransé jà níbẹ̀: àwọn ti Ọ̀gágun de Gaulle, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Faransé Olómìnira, gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ìjọba Vichy.

Àwọn tó ń ti ọ̀nà Cotonou wá

Nígbà tí epo rọ̀bì sọ Gabon di ọlọ́rọ̀, àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbẹ̀, Yorùbá láti Nàìjíríà àti orílẹ̀èdè Benin sì wà lára wọn. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ṣe mẹkáníìkì, wọ́n ń kọ́ni ní iléèwé.

Ní oṣù Kìíní, ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n háyà, tí Bob Denard ṣe olórí wọn, kọlu Cotonou láti gba ìjọba. Wọn kò rí i gbà, ṣùgbọ́n Gabon wà lára ibi tí wọ́n ti gbéra. Nígbà tí Ààrẹ Mathieu Kérékou sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Ààrẹ Omar Bongo níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum lọ́dún 1978, Bongo pàṣẹ kí gbogbo ọmọ Benin kúrò ní Gabon. Nǹkan bíi 9,000 sí 10,000 èèyàn ló kúrò. Ẹ̀ṣẹ̀ ààrẹ ni aláránṣọ fi orí rẹ̀ gbà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwa náà ní Nàìjíríà ní kí àwọn ọmọ Ghana máa lọ, nítorí náà, ẹ jẹ́ ká rọra bú Bongo.

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2001, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Etireno gbòde kan lórí ìròyìn káàkiri àgbáyé. Cotonou ló ti gbéra, Libreville ló ń lọ, ìròyìn sì sọ pé ọmọdé tí wọ́n ń kó lọ tà ló kún inú rẹ̀. Gabon kò jẹ́ kó gúnlẹ̀, Cameroon náà kò gbà á, ló bá padà sí Cotonou. Nígbà tí wọ́n wo inú ọkọ̀ náà, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ kò tó iye tí ìròyìn kọ́kọ́ gbé, ṣùgbọ́n àjọ tó ń tọ́jú ọmọdé gba àwọn tó lé ní 20 sílẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọjà kíkiri ni wọ́n ń kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ ṣe. Ọdún 155 ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n mú Elizia.

Lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, nígbà tí Ọ̀gágun Brice Oligui Nguema gba ìjọba lọ́wọ́ Ali Bongo, ìdáǹdè ni àwọn ológun náà pe ohun tí wọ́n ṣe. Oligui wọlé ìbò ààrẹ ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà rẹ̀ kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan ti di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan, títí kan ọjà wẹ́wẹ́ títà, irun ṣíṣe lẹ́bàá ọ̀nà àti títún fóònù ṣe.

Irú àwọn iṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò ń ṣe ní ọjà Mont-Bouët, tó tóbi jù ní Libreville. Orúkọ Bouët-Willaumez ni wọ́n fi sọ ọjà náà.